Fáànù àbí Omi? Ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ kí intercooler snowmobile rẹ̀ máa tutù

Tọ́bò ni ẹ̀rọ tó ń ki afẹ́fẹ́ púpọ̀ wọ ẹ́ńjìnnì; intercooler ló ń mú afẹ́fẹ́ yẹn tutù kó tó dé ibẹ̀. Kí ẹ tó náwó, ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá intercooler tiẹ̀ wà lára snowmobile yín, ìyẹn ọkọ̀ orí yìnyín. Ski-Doo Summit 850 E-TEC Turbo tó jáde ní 2020 kò ní in, torí afẹ́fẹ́ tí tọ́bò rẹ̀ ń kì wọlé kò pọ̀. Yamaha Sidewinder àti Arctic Cat Thundercat, tí wọ́n jọ ń lo ẹ́ńjìnnì 998cc kan náà, ní in. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí oní-nǹkan fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n bá òun de tọ́bò mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní irú èyí ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹni tó bá ti fi pọ́ǹpù ọwọ́ fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ rí mọ bí ìdí pọ́ǹpù ṣe máa ń gbóná. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ nínú tọ́bò. Afẹ́fẹ́ tó wọlé ní -10°C lè jáde ní 40°C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí tọ́bò bá fún un mọ́ra dé ìlọ́po 1.6. Lórí òkè, ibi tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́lẹ́, iṣẹ́ tọ́bò tún le sí i. Bí ooru yẹn bá bá afẹ́fẹ́ dé inú sílíndà, epo á máa gbiná nígbà tí kò yẹ, pístìn ni yóò sì jẹ ìyà rẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé orí adágún tó dì lẹ ti ń sáré, tẹ́ ẹ ń sá ju 100 kìlómítà lọ ní wákàtí, atẹ́gùn iwájú ti tó yín. Ẹ fi owó yín sápò. Àwa tá a máa ń wọ àárín igi ní Boulder Mountain tàbí Frisby Ridge, lẹ́bàá ìlú Revelstoke ní British Columbia ní Kánádà, la ni wàhálà: yìnyín jìn dé àyà, ọkọ̀ ń rọra wọ́, ẹ́ńjìnnì ń ké tagbára-tagbára, kò sì sí atẹ́gùn gidi tó ń gba inú intercooler kọjá. Ẹ lè de fáànù mọ́ intercooler náà, tàbí kẹ́ ẹ yọ intercooler ọ̀hún kúrò, kẹ́ ẹ fi èyí tó ń lo omi rọ́pò rẹ̀.

Ní ti ká mú ooru kúrò kíákíá, omi ló borí, mi ò ní jiyàn. Ní ti ìwúwo, fáànù fúyẹ́. Ti omi ní pọ́ǹpù, táǹkì, rọ́bà, rédíétọ̀ kékeré, àti omi fúnra rẹ̀. Ní ti owó, ti omi ju ti fáànù lọ fíìfíì. Ní ti iná, fáànù kan lè fa ámpù 5 sí 10, nítorí náà ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kò ní bátìrì, tó jẹ́ okùn ló fi ń fà á, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè iye iná tó ṣẹ́ kù fún un.

Ohun tí olùtajà kì í bá yín sọ ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lóru, nígbà tí ọkọ̀ bá sùn sórí tirela níta. Ọkọ̀ tí mo rà lálòkù, ti omi ló wà lára rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù kan ló bá ẹni tó kọ́kọ́ ni ín ṣe é. Coolant (oògùn tí kì í jẹ́ kí omi tètè dì) tí wọ́n bá pò pẹ̀lú omi ní ìdajì-ìdajì kì í dì títí òtútù á fi dé nǹkan bíi -37°C. Tiwọn kò rí bẹ́ẹ̀. Omi ni wọ́n dà sí i jù. Òtútù òru kan tí kò tiẹ̀ tó -30 ló tú àṣírí. Láàárọ̀, mo tan kọ́kọ́rọ́, pọ́ǹpù dún gbì lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Ìdérí ike rẹ̀ ti là, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bí èékánná, yìnyín aláwọ̀ ewé sì yọrí jáde láti inú ẹ̀ là náà. Owó hòtẹ́ẹ̀lì wọgbó, pọ́ǹpù tuntun kò sí nítòsí, ṣọ́ọ̀bù ọ̀hún sì ní ọ̀rọ̀ náà ò kan àwọn. Inú ṣì ń bí mi sí i.

Fáànù náà máa ń dì, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Yìnyín á yọ́ lára intercooler gbígbóná, omi rẹ̀ á kán sínú ike tó yí fáànù ká, á sì di etí bíléèdì mú mọ́júmọ́. Bẹ́ ẹ bá tanná sí i báyẹn, fíúsì á jó. Ṣùgbọ́n ẹ wo àtúnṣe rẹ̀: ẹ ki ìka bọ inú rẹ̀ kẹ́ ẹ tó tan kọ́kọ́rọ́, ẹ yí bíléèdì, yìnyín á ṣẹ́ kẹ́kẹ́kẹ́, ó parí. Fíúsì tuntun kò ju owó kọfí lọ. Ẹ lu ihò kéékèèké sí ìsàlẹ̀ ike náà kí omi lè máa sun jáde, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí fáànù yí díẹ̀ sí i lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá pa ẹ́ńjìnnì, tí bátìrì bá wà. Ẹ̀yìn intercooler ni kẹ́ ẹ dè é sí kó máa fa afẹ́fẹ́, kì í ṣe iwájú, níbi tí yìnyín á ti máa lu ú. Ẹ fún un ní fíúsì àti relay (swíìṣì tí iná fúnra rẹ̀ ń tan) tirẹ̀. Àléébù kan tó kù ni pé ó máa ń dí atẹ́gùn díẹ̀ lọ́nà tẹ́ ẹ bá ń sáré.

Ẹni tó ní gáréèjì tó móoru, tó mọ mẹkáníìkì tó ṣeé fọkàn tán, tó sì ń fi tọ́bò fún afẹ́fẹ́ gan-an nítorí ìdíje, kó ra ti omi. Á gbádùn rẹ̀. Ẹni tó ń wakọ̀ láti ìlú Calgary wá sórí òkè ní òpin ọ̀sẹ̀, tí ọkọ̀ rẹ̀ ń sùn níta, fáànù ti tó o. Kẹ́ ẹ tó sanwó rẹ̀, ẹ yí ẹ̀yìn mọ́tò tó ń yí fáànù náà wò: bẹ́ ẹ ò bá rí IP68, àmì pé eruku àti omi kì í wọ inú rẹ̀, níbẹ̀, ẹ dá a padà fún olùtajà.