Ìkìlọ̀ o! Ẹ má ra fọ́ọ̀mù ẹ̀rọ ìlọta lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹ̀yìn olóṣèlú

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin àǹtí, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi lọ́jà, ẹ dákun, ẹ ka èyí tán kí ẹ tó fi owó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Àwọn gbájúẹ̀ tó ń ta fọ́ọ̀mù ìrónilágbára fún obìnrin ti tún gba ìgboro. Wọ́n ti jẹ tèmi. N kò fẹ́ kí wọ́n jẹ tiyín.

Gàrí ni mò ń tà n'Íbàdàn. Lọ́jọ́ Ẹtì kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá bá mi ní ìsọ̀, ó wọ aṣọ funfun báláú, ó sì da àyà délẹ̀ níwájú àpò gàrí mi. Ó ní, "Ẹ kú ọjà o, Ìyá Onígàrí. Ọ̀gá wa ní kí n kí yín. Wọ́n ní ẹ̀yin ìyá ni òpómúléró ẹgbẹ́ wa." Bí wọ́n bá dọ̀bálẹ̀ fún èèyàn báyẹn láàárín ọjà, ara èèyàn á rọ̀. Mo ní kó dìde, mo fún un ní àpótí jókòó.

Ó ní ọ̀gá àwọn fẹ́ du ipò, ó sì fẹ́ fún obìnrin 20 lọ́jà wa ní ẹ̀rọ ìlọta, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tirẹ̀. Fọ́ọ̀mù jẹ́ ₦5,000. Ó ní owó ìwé lásán ni. Fọ́tò pásípọ́ọ̀tù méjì, fọ́tòkọ́pì káàdì ìdìbò alálòpẹ́, àti nọ́ńbà BVN tí báńkì fi ń dá èèyàn mọ̀. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Màámi, ẹ má tíì sọ fún àwọn tó kù o, kí orúkọ yín lè kọ́kọ́ wọlé." Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti fura. Èmi tí mò ń tajà, n kò sọ fún oníbàárà kankan rí pé kó má sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ra gàrí lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n ọmọ mi obìnrin àgbà ni mo rò. Ó ti parí ìwé, kò ríṣẹ́, mo sì ti ń fojú inú wò ó níwájú ilé, tó ń lọ ata àti ẹ̀wà fún àwọn aládùúgbò. Mo sanwó.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, wọ́n pín ańkárá fún wa, ojú ọ̀gá ni wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀ káàkiri. Wọ́n ní ọ̀pá méjì ni. Mo wọ̀n ọ́n nílé, kò pé ọ̀pá méjì. Télọ̀ mi tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó wò ó lọ wò ó bọ̀, ó ní bí òun bá gé e bó ṣe wà yìí, ojú ọ̀gá máa bọ́ sí ìdí mi gẹ́lẹ́. Gbogbo ìsọ̀ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Mo ní kó gé e bẹ́ẹ̀, nítorí aṣọ kò tó yí po.

Lọ́jọ́ ìpolongo, aago mẹ́jọ àárọ̀ la ti wà ní pápá ilé ìwé kan. A jó nínú oòrùn. Obìnrin ló se ìrẹsì, ìkòkò ńlá mẹ́ta. Abẹ́ kánópì ni àwọn ọkùnrin wà, àwọn ni wọ́n sì kọ́kọ́ bu oúnjẹ fún. Èèyàn 11 gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́jọ́ náà, mo kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Obìnrin kan ṣoṣo ló wà nínú wọn, àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n sì ní kó gbà. Bó ti ṣe àmín tán ni wọ́n gba nǹkan náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Aago mẹ́ta kọjá kí wọ́n tó gbé ẹ̀rọ ìlọta jáde. Ẹyọ kan. Wọ́n ń pe orúkọ wa, olúkúlùkù á gbé ọwọ́ lé e, onífọ́tò á pariwo pé "Ẹ rẹ́rìn-ín, Màámi!", ẹlòmíì á sì bọ́ síbẹ̀. Èmi ni ẹni kẹrìnlá. Nígbà tó kàn mí, mo bẹ̀rẹ̀ wò ó dáadáa, nítorí mo mọ ẹ̀rọ ìlọta. Kò ní bẹ́líìtì. Ibi tí ẹ́ńjìnnì yẹ kó wà ṣófo. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ níwájú ní ọ̀dà pupa kan tó gùn tó ìka ọwọ́. Mo bi ọmọ tó dọ̀bálẹ̀ fún mi níjọ́sí pé èyí tí mo máa gbé lọ sílé dà. Ó ní lọ́jọ́ Ajé ni mọ́tò máa kó wọn wá sọ́jà. Ajé tó ń sọ kò tíì dé títí dòní.

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Inú rẹ̀ ń dùn, ó ní wọ́n ti fún àwọn náà ní ẹ̀rọ. Mo fi ìka fẹ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ náà lórí fóònù kó tóbi. Ọ̀dà pupa. Ẹsẹ̀ ọ̀tún níwájú. Ẹ̀rọ wa ni.

Obìnrin 20 lọ́nà ₦5,000, ₦100,000 nìyẹn láti ọjà kan ṣoṣo. Èyí tó tún burú jùyẹn lọ ni BVN. Ẹnì kan ti ń pe àwa tí a kọ fọ́ọ̀mù, á dárúkọ wa tán, á dárúkọ báńkì wa, á ní ká ka nọ́ńbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù fún òun kí ẹ̀rọ lè jáde. Ọ̀kan nínú wa kà á. Owó àjọ rẹ̀ ló lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti kọ BVN yín sílẹ̀, ẹ lọ sí báńkì fúnra yín, ẹ ṣàlàyé fún wọn, ẹ má sì ka nọ́ńbà kankan fún ẹnikẹ́ni lórí fóònù, bó ti wù kó bọ̀wọ̀ tó.

Mo ti ro ó títí, kí ló dé tó fi jẹ́ obìnrin ni wọ́n ń wá ta irú ọjà báyìí fún? Ohun tí mo rí ni pé láti òkè ni wọ́n ti ń fi kóńgò tí wọ́n ti lù nídìí wọn nǹkan fún wa. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra gàrí mọ̀ ọ́n. Wọ́n á fi òòlù lu ìdí kóńgò wọnú, bí o bá wò ó lókè ó kún dẹ́múdẹ́mú, ìgbà tí o bá dà á sínú abọ́ nílé lo máa mọ̀. Lọ́dún 2006 ni ìjọba àpapọ̀ kọ ọ́ sínú ìlànà rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ akọ àti abo pé ó kéré tán, kí 35 nínú 100 àwọn tó wà nípò jẹ́ obìnrin. Ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ábújá tún sọ ọ́ lọ́jọ́ 6 oṣù kẹrin 2022 pé kí ìjọba tẹ̀ lé e bó bá ń yan èèyàn sípò. Ó dára. Wọ́n dìbò lọ́dún 2023, nínú ìjókòó 109 tó wà nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà, obìnrin 3 ni INEC, àjọ elétò ìdìbò, kéde pé ó wọlé. Wọ́n búra fún mínísítà 45 ní oṣù kẹjọ ọdún náà, obìnrin 8. Bí kóńgò náà bá pé, ó yẹ kó tó 16. Èmi tí mò ń wọn gàrí lójoojúmọ́, bí mo bá wọn 8 fún ẹni tó sanwó 16, wọ́n á da gàrí náà sí mi lórí.

Ẹ tún gbọ́ eléyìí. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹta 2022, àbádòfin 5 tó jẹ mọ́ obìnrin dé iwájú àwọn aṣòfin nígbà tí wọ́n ń tún ìwé òfin ilẹ̀ wa ṣe. Ọ̀kan ní kí wọ́n fi ìjókòó 111 kún tàwọn ilé méjèèjì fún obìnrin. Òmíràn ní kí obìnrin lè di ọmọ ìpínlẹ̀ ọkọ rẹ̀. Wọ́n da gbogbo rẹ̀ nù. Àwọn obìnrin tú jáde sí ẹnu ọ̀nà ilé ìgbìmọ̀ l'Ábújá, wọn kò kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Nígbà tó di ọjọ́ 8 oṣù náà, ọjọ́ tí gbogbo ayé ń yẹ́ obìnrin sí, àwọn aṣojú-ṣòfin ní àwọn máa tún 3 gbé yẹ̀ wò. Nínú àtúnṣe 16 tí ààrẹ wá buwọ́ lù ní oṣù kẹta 2023, kò sí ọ̀kan nínú 5 náà.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí mi. Ọmọ Gánà ló fẹ́ àbúrò mi obìnrin. Iyàwó ará Tógò kan wà ládùúgbò wa, ọkọ rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Òfin gba ìyàwó yẹn láyè kó forúkọ sílẹ̀ láti di ọmọ Nàìjíríà nítorí ọkọ rẹ̀. Àbúrò mi kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọkọ tirẹ̀. Ìwé òfin ilẹ̀ wa kan náà, abala 26, ẹ lọ kà á. Ìgbéyàwó ọkùnrin ń sọ àjèjì di ọmọ ilé, tobìnrin kò lè sọ ọ́ di nǹkan kan. Ọ̀kan nínú àwọn àbádòfin tí wọ́n dà nù nìyẹn.

Ẹni tó bá fẹ́ dá ẹ láṣọ, tọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Lóṣù kẹwàá 2016, ààrẹ wa nígbà náà, Muhammadu Buhari, dúró ní Jámánì lẹ́gbẹ̀ẹ́ Angela Merkel, obìnrin tó ń ṣàkóso gbogbo Jámánì, ó sì sọ fún àwọn oníròyìn pé ilé ìdáná òun, pálọ̀ òun àti yàrá kejì ni ìyàwó òun wà fún. Mo gbọ́ ọ lórí rédíò lọ́jà. Obìnrin tó ń ta elùbọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi dìde, ó ní, "Ta ló ń ṣèjọba ilẹ̀ tó dúró sí yẹn?" A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé egungun. Bí ọkàn ẹni tó ń ṣèlú bá ti pín ilé sí yàrá mẹ́ta fún obìnrin, ibo ló máa ti rí àyè fún wa nínú òfin?

Ẹ jẹ́ kí n sọ tiwa náà, nítorí mi ò fẹ́ tan ara wa. Lóṣù kìíní 2011, Sarah Jibril du tíkẹ́ẹ̀tì ààrẹ nínú ẹgbẹ́ PDP. Ìbò 1 péré ló ní. Obìnrin wà lára àwọn aṣojú tó dìbò níbẹ̀ o. Mo máa ń ronú kan àwọn obìnrin yẹn. Bóyá wọ́n ti ya fọ́tò pẹ̀lú ẹ̀rọ ìlọta kan níbì kan.

Àwọn ìyá wa kò rí báyìí. Nígbà ogun Hitler, òyìnbó kan tó ń jẹ́ Captain Pullen ń fi iye owó lé oúnjẹ lórí l'Ékòó, gàrí wà níbẹ̀, owó tí kò lè kó ojú ọjà ni wọ́n fi lé e. Alimotu Pelewura, tó ń ta ẹja, tó sì jẹ́ olórí ọjà Eréko, kó àwọn obìnrin jọ, ó ní àwọn kò gbà. Wọ́n fi £100 lóṣù lọ̀ ọ́ kó lè bá wọn fọwọ́ sí i. Ẹ ro £100 láyé ìgbà yẹn! Kò gbà á. Nígbà tó fi di 1945, ìjọba gbé òté náà kúrò. Obìnrin tí kò kàwé ló ṣe é. Ìdí nìyí tí ₦5,000 tèmi fi ń dun èmi oníwèé mẹ́fà.

Nítorí náà, ẹ gbọ́. Fọ́ọ̀mù ìrónilágbára tí wọ́n bá ti ń tà, ẹ má rà á, ì báà jẹ́ ₦200. Ẹ má fi káàdì ìdìbò sílẹ̀, ẹ má gbà kí wọ́n bá yín "tọ́jú" rẹ̀. Òfin ìdìbò sọ ọ́ pé ẹni tó bá ra káàdì àti ẹni tó tà á, ẹ̀wọ̀n tàbí owó ìtanràn ń bẹ níwájú wọn, ó sì lè jẹ́ méjèèjì. Bí wọ́n bá mú ẹ̀rọ wá, ẹ ní kí wọ́n tan án kẹ́ ẹ tó gbọ́wọ́ lé e, kí wọ́n fi lọ ata díẹ̀ níbẹ̀.

Ẹni tó bá wá fúnra rẹ̀ láti tọrọ ìbò, ẹ ṣe é bí mo ṣe máa ń ṣe gàrí àwọn ará oko: ẹ bù ú sómi. Gàrí tó bá dáa á wú, iyanrìn á rì sísàlẹ̀. Ẹ bi í pé bó bá ti wà nílé ìgbìmọ̀ rí, apá wo ló dìbò sí lóṣù kẹta 2022. Obìnrin mélòó ló wà lára àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́, tí kì í ṣe ìrẹsì ni wọ́n ń sè? Mo ti bi ẹnì kan béèyàn ṣe ń bi ọmọ ẹ̀. Ó ní òun máa padà wá dáhùn. Mo ṣì ń retí rẹ̀.

Fọ́tò méjèèjì wà lórí fóònù mi, ti ọjà wa àti ti ibi kejì, mo sì ti fi wọ́n sísàlẹ̀ yìí. Mo ti bo ojú àwọn obìnrin inú rẹ̀. Ẹ wo ẹsẹ̀ ọ̀tún ẹ̀rọ náà níwájú, ọ̀dà pupa, ó gùn tó ìka kan. Bí wọ́n bá gbé e dé ọjà yín, ẹ ya tiyín náà, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi.