Founders Online: lẹ́tà àti gbèsè Jefferson lọ́jọ́ alẹ́

Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo ń ṣe jẹun, nítorí náà, bí wọ́n bá ń ròyìn ẹni ńlá kan nínú ìtàn fún mi, ìwé gbèsè rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wá. Ọ̀rọ̀ dídùn tí Thomas Jefferson kọ nípa òmìnira, gbogbo wa la ti gbọ́ ọ nílé ìwé. Èmi fẹ́ mọ bó ṣe ń gbọ́ bùkátà lẹ́yìn tó kúrò nípò ààrẹ Amẹ́ríkà ní oṣù Kẹta ọdún 1809, tó padà sí Monticello, oko rẹ̀ ní Virginia, títí tó fi kú lọ́dún 1826. Founders Online, ibùdó tí wọ́n kó lẹ́tà àwọn tó dá orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà sílẹ̀ sí, ló tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ fún mi.

Ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba Amẹ́ríkà àti ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Virginia ló jọ gbé ibùdó yìí sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dún 2013. Wọn kì í gba kọ́bọ̀. Wọn ò ní kí ẹ forúkọ sílẹ̀, ẹ kàn máa wọlé, ẹ máa kà. Lẹ́tà Washington, Franklin, Adams, Hamilton, Madison àti John Jay wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n apá ìfẹ̀yìntì Jefferson ni mo fẹ́ yìn lónìí, torí wọ́n kó lẹ́tà tí wọ́n kọ sí i pọ̀ mọ́ èyí tí òun fúnra rẹ̀ kọ. Ẹ ó gbọ́ tẹnu ẹni tó jẹ gbèsè, ẹ ó sì gbọ́ tẹnu olówó.

Jefferson fúnra rẹ̀ ló jẹ́ kí èyí ṣeé ṣe. Ó ní ìwé àkọsílẹ̀ kan tó ń kọ gbogbo lẹ́tà sí, èyí tó wọlé àti èyí tó jáde, pẹ̀lú ọjọ́ wọn. Ó tún ní ẹ̀rọ oníkálàmù méjì: bó bá ti ń fi ọ̀kan kọ lẹ́tà, èkejì ń kọ ẹ̀dà rẹ̀ sórí bébà míì lẹ́ẹ̀kan náà. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1822, ó kọ̀wé sí John Adams pé òun ṣí ìwé àkọsílẹ̀ náà, òun ka lẹ́tà tó wọlé lọ́dún 1820 nìkan, ó sì jẹ́ 1,267. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní òun gbọ́dọ̀ ṣèwádìí kóun tó lè fèsì. Ẹni tí ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti yẹ̀ ní Paris látọdún 1786 ló ń ṣe gbogbo èyí o. Mo bọ̀wọ̀ fún irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an.

Ẹ má fi àwọn lẹ́tà tó lókìkí bẹ̀rẹ̀. Ẹ yan Patrick Gibson nínú orúkọ àwọn tó kọ̀wé sí, lẹ́yìn náà Bernard Peyton, kí ẹ tò wọ́n bí ọjọ́ ṣe tẹ̀ léra. Àwọn wọ̀nyí ni aṣojú òwò rẹ̀ ní Richmond. Wọ́n ń gba tábà àti ìyẹ̀fun tó bá ti oko dé, wọ́n ń bá a tà á, wọ́n ń fi owó rẹ̀ san gbèsè fáwọn tó ń béèrè, bí owó ò bá sì tó, ó ń fọwọ́ sí ìwé gbèsè tuntun tí wọ́n ó fi rọ́pò èyí tí ọjọ́ rẹ̀ pé ní báńkì. Ẹ kà á bẹ́ẹ̀ léraléra, ẹ ó rí i pé èlé ń jẹ irè oko kó tó délé. Síbẹ̀ lẹ́tà tó fi ń ra ọtí wáìnì láti Marseille kò dáwọ́ dúró. Ìyẹn ká mi lára.

Ọ̀rọ̀ Wilson Cary Nicholas ni kò jẹ́ kí n sùn. Ó ti ṣe gómìnà Virginia rí, ọmọ rẹ̀ obìnrin sì ni ọmọ-ọmọ Jefferson fẹ́. Lọ́dún 1818 ó ní kí Jefferson bá òun ṣe onídùúró fún ìwé gbèsè méjì, 10,000 dọ́là lọ́kọ̀ọ̀kan. Jefferson fọwọ́ sí i. Ọdún 1819 dé, ọjà dẹnu kọlẹ̀ káàkiri Amẹ́ríkà, Nicholas ò rí owó san, 20,000 dọ́là sì bọ́ sórí bàbá tó ti lé ní 75 ọdún. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Nicholas kú. Ẹni tó bá ti dúró fún àna rẹ̀ rí ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù máa mọ bí àwọn lẹ́tà yẹn ṣe rí. Ṣáájú ìgbà yẹn, lọ́dún 1815, Jefferson ti ta ìwé kíkà 6,487 fún ilé aṣòfin Amẹ́ríkà ní 23,950 dọ́là, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì dáná sun ilé náà. Ọwọ́ àwọn olówó ni èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà lọ.

Ní báyìí, ohun tó mú mi kọ èyí. Jefferson ní oko kejì tí ń jẹ́ Poplar Forest. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kọkànlá ọdún 1818, Hannah, obìnrin tó jẹ́ ẹrú níbẹ̀, kọ̀wé sí i: «Ọ̀gá, mo kọ ìlà díẹ̀ yìí kí ẹ lè mọ̀ pé ilé yín àtẹrù inú rẹ̀ wà láìséwu.» Ó ní òun gbọ́ pé ara Jefferson ò yá, kò ní lè wá nígbà ìwọ́wé, ó sì ń dun òun. Ó rán an létí Ọlọ́run, ó pe ara rẹ̀ ní tálákà aláìmọ̀kan, ó dágbére.

Ẹ wá ṣí lẹ́tà ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1819, tí Jefferson kọ sí Joel Yancey, alábòójútó oko yẹn kan náà. Ọmọ wẹ́wẹ́ márùn-ún ti kú láàárín ọdún mẹ́rin, ó sì ń fura pé wọn ò jẹ́ kí àwọn ìyá ráyè tọ́jú ọmọ. Ó ní ọmọ kan tí wọ́n tọ́ yè lọ́dún méjì-méjì lérè ju irè oko ọkùnrin tó lágbára iṣẹ́ jù lọ. Lọ́dún 1820 ó tún un sọ fún John Wayles Eppes, ọkọ ọmọ rẹ̀ tó ti dolóògbé: ohun tí obìnrin bá bí ń kún ojú owó, iṣẹ́ ọkùnrin a máa bá jíjẹ-mímu lọ. Mo mọ ohun tí ojú owó jẹ́. Oṣù méjì péré ló wà láàárín lẹ́tà Hannah àti ti Yancey.

Gbèsè tó fi sílẹ̀ lé ní 107,000 dọ́là. Ní oṣù Kìíní ọdún 1827, wọ́n polówó èèyàn 130 fún gbàǹjo ní Monticello. Jefferson ti fi ìwé ìhágún dá Joseph Fossett alágbẹ̀dẹ sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ta Edith ìyàwó rẹ̀, tó ń se oúnjẹ fún Jefferson, wọ́n sì ta àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ wá èyí níbòmíì, torí lẹ́tà Jefferson ò kọjá ikú rẹ̀.

Àbùkù ibùdó náà ò pọ̀. Wọ́n tẹ lẹ́tà jáde ni, ẹ ò ní rí àwòrán ìwé tó fọwọ́ kọ. Àwọn lẹ́tà kan tí wọn ò tíì ṣàtúnyẹ̀wò tán kò ní àlàyé nísàlẹ̀. Àwọn tó ní in sì dára gan-an, wọ́n ń sọ ẹni tí olúkúlùkù jẹ́. Máàkì mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un, tí wọ́n bá fi àwòrán lẹ́tà Hannah sí i, màá fún wọn ní ìkan tó kù.