Túnà epo lórí Honda CB500X: ẹ yẹ ìsopọ̀ rẹ̀ wò kí ẹ tó dá a lẹ́bi

Túnà epo tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yìí jẹ́ àpótí kékeré kan tí wọ́n máa ń so sí àárín ọpọlọ ẹ́ńjìnnì alùpùpù, èyí tí àwọn rewáyà ń pè ní bírénbọ́ọ̀sì, àti nọ́súlù tó ń tú epo. Bírénbọ́ọ̀sì ló ń pinnu bí nọ́súlù yóò ṣe pẹ́ tó ní ṣíṣí, túnà á wá fi díẹ̀ kún àsìkò náà tàbí kí ó dín in kù, gẹ́gẹ́ bí iye tí a ti kọ sínú rẹ̀ fún ìwọ̀n eré ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan àti bí a bá ṣe yí iná (ọwọ́ alùpùpù tí a fi ń mú eré pọ̀) tó. Nítorí náà, kò wúlò rárá fún ọ̀kadà tó ń lo kábúrétọ̀, tí kò ní irú nọ́súlù bẹ́ẹ̀, irú èyí tó pọ̀ jù lọ ní Kàbbà, Ìyàrà àti Ìsánlú ní Ìpínlẹ̀ Kogí, ẹnikẹ́ni tó bá sì fẹ́ tà á fún ẹni tó ń gun irú ọ̀kadà bẹ́ẹ̀ kò ṣe òtítọ́.

Honda CB500X ni mo rà á fún, ẹ́ńjìnnì 471 cc oní sìlíńdà méjì, nítorí pé mo ti pààrọ̀ sàlẹ́ńsà rẹ̀ sí èyí tí èéfín ń gba inú rẹ̀ jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìlú mìíràn ni wọ́n ti bá mi so ó, kò sì pẹ́ tí mo gbé alùpùpù náà dé ilé tí wàhálà bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá tutù, ó máa ń jí dáadáa, ṣùgbọ́n bó bá ti gbóná tí mo sì yí iná láti gun òkè, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í mísì, yóò máa jẹ́ẹ̀kì, òórùn bẹntiróòlù á sì gba imú. Nígbà tí a tú púlọ́ọ̀gì rẹ̀, ó dúdú bí ìdí ìkòkò, èyí tó fi hàn pé epo tó ń wọlé ti pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ.

Ọ̀gá mẹ́káníìkì tó bá mi yanjú rẹ̀ ní Kàbbà kò jẹ́ kí n tú túnà náà dànù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tó jẹ̀bi ná." Ó fi kọ̀ǹpútà sọ gbogbo iye inú túnà di òdo, kí ó lè wà lójú ọ̀nà láìfi nǹkan kan kún epo, láì sì yọ nǹkan kan kúrò. Òórùn epo dín kù, ṣùgbọ́n mímísì kò lọ. Ó wá yọ túnà kúrò pátápátá, ó sì dá àwọn wáyà padà sí bí Honda ṣe so wọ́n, mímísì sì dáwọ́ dúró. Láti ibẹ̀ ni ó ti yé wa pé ọ̀ràn méjì ni a ń bá jà: ọ̀kan wà nínú iye tí wọ́n kọ sínú túnà, èkejì wà nínú bí wọ́n ṣe so ó.

Ti ìsopọ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí jù. Àwọn tó so ó ti de wáyà ẹ́ẹ̀tì rẹ̀ (èyí tó ń dá iná padà sí bátìrì) mọ́ ara férémù, lórí ọ̀dà tí wọn kò há kúrò. Ọ̀dà kì í jẹ́ kí iná kọjá, nítorí náà etí bóòtì díẹ̀ ló ń gbé gbogbo rẹ̀, bí ẹ́ńjìnnì bá sì ti ń gbọ̀n, iná á já, á tún padà. A ṣí wáyà náà lọ sí orí òdì bátìrì gan-an, ìyẹn sì parí rẹ̀.

Nígbà tí mo wá gùn ún lọ sí Ọ̀bájáná, lórí ọ̀nà kọnkéré kìlómítà 43 tó jẹ́ kí eré dúró sójú kan, agbára bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo dúró, mo ṣí ìdérí táǹkì, afẹ́fẹ́ sì fa wọlé pẹ̀lú ariwo. Rọ́bà tínńrín tí táǹkì fi ń mí ti ká lábẹ́ rẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé e sókè láti so túnà. Ọwọ́ lásán ni a fi tú u. Ẹ wo bí ó ti rọrùn tó láti di ẹ̀bi irú èyí ru túnà!

Ní ti iye inú rẹ̀, sàlẹ́ńsà mìíràn ni wọ́n ṣe é fún. Lẹ́yìn náà, sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn tó wà lára páìpù èéfín máa ń sọ fún bírénbọ́ọ̀sì iye ọ́síjìn tó ṣẹ́ kù nínú èéfín, bírénbọ́ọ̀sì á sì fi èyí jẹ́ kí ìwọ̀n afẹ́fẹ́ wà ní nǹkan bí 14.7 sí epo 1 nígbà tí a bá ń rìn jẹ́jẹ́. Bí túnà bá fi epo kún un níbẹ̀, bírénbọ́ọ̀sì á yọ ọ́, àwọn méjèèjì á sì máa bá ara wọn fà á. A fi òdo sí apá ìrìn jẹ́jẹ́ náà, a sì fi àfikún sí ibi tí a ti ń yí iná púpọ̀ nìkan. Púlọ́ọ̀gì rẹ̀ ti wá di búráùn báyìí, alùpùpù sì ń gun òkè Kàbbà láìkọsẹ̀.

Mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún túnà yìí. Ẹni tí sàlẹ́ńsà ilé iṣẹ́ ṣì wà lára alùpùpù rẹ̀ kò ní rí èrè tó tó owó rẹ̀. Ìwé tó bá a wá kò mẹ́nu ba sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn rárá, bẹ́ẹ̀ ni kò sì sọ ibi tí wáyà ẹ́ẹ̀tì yẹ kó wà. Wáyà rẹ̀ kúrú, ẹnu ìsopọ̀ rẹ̀ kò sì ní rọ́bà tó lè dènà omi, nítorí náà ẹ gbé e sí abẹ́ àga níbi tó ga jù, kí ẹ sì fi rọ́bà dí àwọn ẹnu náà kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.