Igi chestnut Amẹ́ríkà: ká bá a wá ìyàwó, àbí ká tún jíìnì rẹ̀ ṣe?

Ọdún 1904 ni wọ́n kọ́kọ́ rí àrùn tó ń pa chestnut, igi eléso kan ní Amẹ́ríkà, ní ọgbà ẹranko Bronx, ní New York. Fọ́ńgọ́ọ̀sì, mọ̀lẹ́bí olú, ló fà á. Á gba ojú ọgbẹ́ wọ inú èèpo, á máa tú ásíìdì síbẹ̀ títí èèpo á fi kú yí igi ká. Ó pa igi tó lé ní bílíọ̀nù 3. Gbòǹgbò ṣì ń hù o, àmọ́ kí èéhù tó dàgbà, àrùn á tún dé.

Àwọn kan ní kí wọ́n fi í so pọ̀ mọ́ chestnut Ṣáínà tó ń kojú àrùn, kí wọ́n wá máa dá ọmọ rẹ̀ padà sọ́dọ̀ ti Amẹ́ríkà láti ìran dé ìran. Ó falẹ̀. Jíìnì, ìyẹn ohun àjogúnbá, tó ń fún ti Ṣáínà ní ààbò yẹn sì pọ̀: bí wọ́n ṣe ń fọ Ṣáínà kúrò, bẹ́ẹ̀ ni agbára ń bá a lọ.

Àwọn ti yunifásítì kan ní Syracuse mú jíìnì kan ṣoṣo lára àlìkámà, èyí tó ń fọ́ ásíìdì náà. Ó yá, ṣùgbọ́n ó di dandan kí ìjọba fọwọ́ sí i. Ní 2023 ni àṣírí tú pé nínú àwọn igi tí wọ́n tún jíìnì wọn ṣe yìí, Darling 54 ni èyí tí wọ́n ń pè ní Darling 58. Ẹ gbọ́ ná, kì í ṣe àṣìṣe orúkọ lásán: igi ọ̀tọ̀ ni, ibòmíràn ni jíìnì náà wọ̀ nínú rẹ̀!

Ní tèmi, ti àkọ́kọ́ ni mo fara mọ́, bó tilẹ̀ falẹ̀.