Galaxy fún RNA-seq: ó dára, àmọ́ ẹ má fọkàn tán àwọ̀ ewé rẹ̀

Akẹ́kọ̀ọ́ FUTA tí dátà RNA-seq (kíka RNA láti mọ bí gene ṣe ń ṣiṣẹ́ tó) wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí ojú dúdú terminal, níbi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, sì ń bà lẹ́rù, Galaxy, ìkànnì tí a ti ń tú irú dátà bẹ́ẹ̀ palẹ̀, ni kó kọ́kọ́ lọ bá. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ forúkọ sílẹ̀ ní usegalaxy.org, wọn á fún yín ní àyè 250 GB. Irinṣẹ́ wà lápá òsì, History (àkójọ iṣẹ́ àti fáìlì yín) wà lápá ọ̀tún. Iṣẹ́ tó ní àwọ̀ eérú ṣì wà lórí ìlà, yẹ́lò ń lọ lọ́wọ́, àwọ̀ ewé ti parí, pupa ti dàrú.

Ohun tó mú un bá Àkúrẹ́ mu ni pé server (kọ̀ǹpútà ńlá ti Galaxy) ló ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe láptọ́ọ̀pù yín. Tí ẹ bá ti tẹ Run Tool, kí wọ́n mú iná, kí bátìrì kú, iṣẹ́ ò dúró.

Gbígbé fáìlì sókè ló ń jẹ owó. FASTQ (fáìlì ohun tí ẹ̀rọ kà) ti ayẹ̀wò kan lè tó GB mélòó kan, hotspot fóònù ò lè gbé e. Tí ó bá wà ní ENA (ibi ìpamọ́ irú dátà yìí ní Yúróòpù), ẹ lẹ líǹkì rẹ̀ mọ́ Paste/Fetch data. Server á fà á fúnra rẹ̀.

FastQC (ó ń wò ó bóyá dátà dára), fastp (ó ń gé èyí tí kò dára kúrò), HISAT2 (ó ń wá ibi tí RNA kọ̀ọ̀kan ti wá nínú genome, ìyẹn gbogbo DNA ohun alààyè náà), featureCounts (ó ń ka iye tó bọ́ sórí gene kọ̀ọ̀kan), DESeq2 (ó ń wá gene tó yàtọ̀ láàárín àwọn ayẹ̀wò): bí àwọn irinṣẹ́ náà ṣe tẹ̀lé ara wọn nìyẹn. Kòkó kì í sábà sí nínú genome tí wọ́n ti tò sílẹ̀, nítorí náà ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí kòkó Ìdànrè á gbé FASTA (fáìlì genome) tirẹ̀ wá, á sì yan "Use a genome from history". Ó máa ń pẹ́, torí HISAT2 á tún index (atọ́ka tó fi ń wá nǹkan nínú genome) kọ́ ní gbogbo ìgbà.

Ibi tó léwu nìyí o. featureCounts lè yọ àwọ̀ ewé, kí gbogbo gene sì jẹ́ 0. Lọ́pọ̀ ìgbà, orúkọ krómósómù ni kò bára mu: genome hg38 (ti ènìyàn) ń pè é ní chr1, GTF (fáìlì tó ń sọ ibi tí gene wà) láti Ensembl, ìkànnì dátà genome, ń pè é ní 1. Galaxy ò ní pariwo. Ẹ ṣí fáìlì Summary. Tí Unassigned_NoFeatures (èyí tí kò bọ́ sórí gene kankan) bá gbé gbogbo rẹ̀ mì, ẹ wá GTF tí orúkọ rẹ̀ bá genome yín mu.

Ìkìlọ̀ kékeré kan: fáìlì tí ẹ pa rẹ́ ṣì ń jẹ àyè, àfi tí ẹ bá purge rẹ̀ (pa á rẹ́ pátápátá).