Glyphosate tí mo fi ń pa koríko lóko ẹ̀gẹ́: ó ń ṣiṣẹ́ o, àmọ́ ojú mi rí nǹkan

Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń fín glyphosate sóko ẹ̀gẹ́ mi nítòsí Ìṣẹ́yìn, éékà méjì àbọ̀. Èmi kì í ṣe dókítà, mi ò sì bá ẹnikẹ́ni tajà, owó àpò mi ni mo fi ń rà á. Èyí tí mo lò ni onílítà kan, 360 gíráàmù sí lítà ni wọ́n kọ sára ẹ̀.

Paraquat là ń lò tẹ́lẹ̀, èyí tó máa ń jó koríko bí ẹni tanná ràn án. Tẹ́ ẹ bá fín in láàárọ̀, tó bá fi máa di ọjọ́ kejì ewé ti rọ, inú yín á dùn, àmọ́ kì í pa gbòǹgbò, kò ní pẹ́ tí èékan á tún yọrí bí ẹni ń fini ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyẹn gan-an kọ́ ló lé mi sá. Ẹnu kan péré téèyàn bá gbé mì níbẹ̀ lè pa á, ẹ̀dọ̀fóró ló máa ń bà jẹ́ díẹ̀díẹ̀, kò sì sí oògùn tó ń pa oró ẹ̀. NAFDAC ti fòfin dè é láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024, ẹni bá rọra yọ ọ́ fún yín lábẹ́ káńtà, ẹ dá a padà fún un.

Glyphosate ní tiẹ̀ kì í kánjú. Ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́ mo rò pé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi, koríko ń fẹ́ lẹ̀lẹ̀, mo ti ń ṣépè. Nígbà tó di bí ọjọ́ keje ló bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, lọ́sẹ̀ kejì mo fa èékan kan tu, gbòǹgbò ẹ̀ ti dúdú bíi gbodo tí òjò pa. Omi tó mọ́ ni kẹ́ ẹ fi pò ó o, tí omi bá ti ní ẹrẹ̀ nínú, ẹrẹ̀ yẹn ló máa gbá oògùn mú.

Ó yá, ti ojú mi. Tẹ́ ẹ bá ṣí ìdérí ìgò, bébà fádákà kan wà lábẹ́ ẹ̀ tó lẹ̀ pinpin. Ìbọ̀wọ́ wà lọ́wọ́ mi, mi ò rí i gbá mú, mo bọ́ ìbọ̀wọ́, kò ṣí, ni mo bá ki eyín bọ̀ ọ́ (ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin náà ń ṣe é). Ó ya lójijì, ọwọ́ mi sì ti fún ìgò mọ́ra, bó ṣe ta sí mi lójú ọ̀tún nìyẹn, ó ta mí bí ata rodo. Àbúrò mi ló sáré gbé kẹ́ẹ̀gì omi tá a fẹ́ fi po oògùn, ó ń pariwo "Bọ̀dá, ẹ má fọwọ́ ra á!" ó ń dà á sí mi lójú fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kẹ́ẹ̀gì lítà 25 fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Lọ́sibítù wọ́n ní omi yẹn ló yọ mí. Ẹ máa mú ìgò dání o, torí ohun tí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ bi mí ni pé kẹ́míkà wo.

Mílí 150 sí 200 ni lébẹ́ẹ̀lì ní ká fi sí tánkì lítà 16. Agolo mílíìkì ni mo fi ń wọ̀n ọ́n, mo ti fi wáyà so ó mọ́ tánkì kó má bàa bá mi délé, torí màmá mi kì í ju agolo nù. Ìgò òfìfo gan-an, epo pupa ni wọ́n fẹ́ rọ sí i. Mo ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹta, mo da omi ẹ̀ sínú tánkì, mo fọ̀bẹ gún un nídìí. Wọ́n bá mi jà, "Ìgò tó dáa báyìí!"

Ẹnu sípíréyà tó bá dí, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó ni kẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́, ẹ má fẹnu fẹ́ ẹ. Tánkì mi jò lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀yìn mi tutù títí mo fi ṣe tán láìfura, gbogbo ẹ̀yìn ń yún mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ sì wo atẹ́gùn, oògùn yìí ò mọ ẹ̀gẹ́ yàtọ̀ sí koríko. Lọ́dún àkọ́kọ́ ó fẹ́ lọ sọ́dọ̀ bàbá tá a jọ pààlà, ewé ebè bí ogójì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, wọ́n wá bá mi: "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o pe ẹ̀gẹ́ mi ní èékan ni?" Mo bẹ̀ wọ́n, mo sanwó.

Ti jẹjẹrẹ, IARC, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ, sọ lọ́dún 2015 pé ó ṣeé ṣe gan-an kó máa fà á, EPA, àjọ tó ń bójú tó àyíká ní Amẹ́ríkà, ò gbà. Èmi ń wọ ẹ̀wù alápá gígùn àti bàtà òjò, mo sì ń fọ aṣọ oko lọ́tọ̀.

Mẹ́rin nínú márùn-ún ni máàkì tí mo fún un. Bébà fádákà ẹnu ìgò yẹn ló jẹ ẹyọ kan tó kù.