Ẹ̀rọ tó ń wọn òtútù fíríìjì: ẹ má gbára lé 80% bátìrì tó ń kọ
Ọjà Ouando níbí ní Àjàṣẹ́ ni mo ti rà á, bátìrì pẹlẹbẹ CR2032 ló ń lò, ó sì ń fi Bluetooth ránṣẹ́ sí fóònù. Iṣẹ́ rẹ̀ dáa gan-an o, ẹja mi ò bàjẹ́ mọ́. Àmọ́ ó kọ ọ́ lálẹ́ pé bátìrì ku 80%, nígbà tílẹ̀ máa fi mọ́ ó ti kú pátápátá! Volt (agbára tí bátìrì fi ń ti iná jáde) ló ń wò láti fi mọ iye tó kù, bẹ́ẹ̀ sì rèé volt CR2032 kì í kúrò ní nǹkan bíi 3 títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ìgbà yẹn ló máa já wálẹ̀, òtútù tún ń dá kún un. Ẹ kúkú ṣírò iye ìgbà tó máa lò: bíi 220 mAh (iye iná inú bátìrì) ló gbà, tí ẹ̀rọ bá ń jẹ iná 0.02 mA, ẹ fi 0.02 pín 220, wákàtí 11,000 nìyẹn, ó lé lọ́dún kan. Mo ti kọ ọjọ́ tí mo fi tuntun síbẹ̀ sẹ́yìn ẹ̀.